Bí Ẹ Ṣe Lè Dá Iye Tó Tọ́ Lé Iṣẹ́ Fèrèsé Nínù

"Èló lẹ máa gbà?" Ìbéèrè yẹn kì í jẹ́ kẹ́ ẹ tíì gbé garawa sílẹ̀ kó tó dé. Ẹ óò gbójú sókè wo fèrèsé, ẹ óò wo ojú oníbàárà, ẹ óò yọ́jú wo mọ́tò tó wà níwájú ilé, iye kan á sì já bọ́ lẹ́nu yín. Bí oníbàárà bá yára gbà, inú yín á bàjẹ́ pé ẹ ò pè é tó. Bó bá pariwo, ẹ óò gé e sí méjì lójú ẹsẹ̀. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ṣe é báyẹn nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá ṣiṣẹ́. Mò ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn láti àárọ̀ dalẹ́, mi ò sì mọ ibi tí owó ń gbà lọ. Ọjọ́ tí mo jókòó ṣírò rẹ̀ ni mo rí i pé àwọn ilé kan wà tó jẹ́ pé èmi gan-an ni mò ń sanwó kí wọ́n lè jẹ́ kí n nu fèrèsé wọn.

Ibi aago àti ìwé ìṣirò yín ni iye ti ń wá. Kì í wá láti ojú oníbàárà, kì í sì í wá láti ẹnu ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yín ní òpópónà kejì. Àwọn àgbà ní a kì í fojú olójú ṣòwò ká jèrè. Iye tí ẹlòmíì ń gbà kò lè sọ fún yín bóyá ó níṣẹ́ mìíì tó ń bọ́ ọ, bóyá ó ti fẹ́ kógbá sílé, tàbí bóyá òun náà kàn ń méfò.

Gbogbo nọ́ńbà tí mo máa lò nísàlẹ̀, àpẹẹrẹ lásán ni. Mi ò fi orúkọ owó kankan sí i. Ẹ fi owó tẹ́ ẹ̀ ń ná rọ́pò, kẹ́ ẹ sì fi iye tiyín sí i.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ iye tí ọdún kan máa jẹ

Ẹ mú ìwé, kẹ́ ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́rin. Ọ̀nà kìíní ni ohun tí ilé ń jẹ: owó ilé, oúnjẹ, iléèwé àwọn ọmọ, oògùn, aṣọ. Èyí kò le, ẹni tó ń gbọ́ bùkátà mọ̀ ọ́n.

Ọ̀nà kejì ni ohun tí iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń jẹ, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà, torí pé díẹ̀díẹ̀ ló ń jáde lápò. Rọ́bà tá a fi ń fa omi kúrò lára gíláàsì. Aṣọ onírun tá a fi ń fi omi ọṣẹ pa gíláàsì lára. Ọṣẹ. Aṣọ ìnugíláàsì, àti omi àti ọṣẹ tá a fi ń fọ aṣọ náà lálaalẹ́. Epo tàbí owó ọkọ̀. Owó fóònù. Adójútòfò, bẹ́ ẹ bá ń san án. Àwọn irinṣẹ́ ńlá ńkọ́? Ẹ pín owó wọn sí iye ọdún tí wọ́n máa lò. Àkàbà tẹ́ ẹ ra ní 1,000, tẹ́ ẹ rò pé ó máa lo ọdún 5, 200 ló ń jẹ lọ́dọọdún, bẹ́ ẹ tiẹ̀ ti sanwó rẹ̀ tán látọjọ́ tó ti pẹ́. Ọjọ́ tó bá ṣẹ́, ó yẹ kí owó òmíràn ti wà nílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa rọ́bà. Ọdún 1936 ni Ettore Steccone, ọmọ Ítálì kan tó ń nu fèrèsé jẹun ní Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ lórí irinṣẹ́ fúyẹ́ tó fi idẹ ṣe, tó ní rọ́bà kan ṣoṣo. Títí dòní, irú ẹ̀ náà ló wà lọ́wọ́ wa. Ohun èlò náà kò lágbára ju ẹnu rọ́bà rẹ̀ lọ. Bí ẹnu rọ́bà bá ya, bó tiẹ̀ kéré bí orí abẹ́rẹ́, ìlà omi tín-ínrín kan á máa wà lára gíláàsì níbi tẹ́ ẹ bá ti fà á kọjá, ẹ óò sì máa fi aṣọ tọ ìlà yẹn lẹ́yìn. Ká ní ìṣẹ́jú kan péré lèyí ń gbà lórí fèrèsé kọ̀ọ̀kan. Nínú ilé tó ní fèrèsé 20, ìṣẹ́jú 20 ti ṣòfò nítorí ohun tówó rẹ̀ ò tó nǹkan. Torí náà, ẹ kọ owó rọ́bà sílẹ̀ dáadáa, kẹ́ ẹ má sì ṣahun sí i.

Ọ̀nà kẹta ni owó orí àti ohunkóhun tí òfin ibi tẹ́ ẹ wà bá ní kẹ́ ẹ san. Ọ̀nà kẹrin ni ìpamọ́: owó àìsàn, owó gíláàsì tó bá fọ́ lọ́wọ́ yín, owó ọjọ́ ogbó. Ẹni tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀ kò ní ọ̀gá tó máa san owó ìfẹ̀yìntì fún un.

Ká sọ pé ilé ń jẹ 25,000 lọ́dún, iṣẹ́ ń jẹ 7,000, owó orí jẹ́ 5,000, ìpamọ́ sì jẹ́ 5,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 42,000.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ka wákàtí tó ń pawó nìkan

Ọ̀sẹ̀ 52 ló wà nínú ọdún, àmọ́ ẹ ò ní ṣiṣẹ́ nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ yọ ọ̀sẹ̀ 4 fún ìsinmi àti ayẹyẹ. Ẹ yọ 2 fún àìsàn. Ẹ yọ 4 míì fún òjò àti ìjì, àwọn ọjọ́ tí kò ṣeé gun àkàbà tàbí tí oníbàárà á ní kẹ́ ẹ padà wá. Ó ku 42.

Wákàtí mélòó lẹ ń lò nídìí gíláàsì lóòjọ́? Ẹni tó bá ní wákàtí 8, ó ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ìrìn láti ilé kan sí òmíràn wà níbẹ̀, ìpè fóònù wà níbẹ̀, ilé tẹ́ ẹ lọ wò tí wọn ò pè yín padà wà níbẹ̀, àti ìwé owó tẹ́ ẹ̀ ń kọ lálẹ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka tèmi, mo rò pé wákàtí 7 ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀, kò ju wákàtí 5 lọ. Wákàtí 5 lóòjọ́, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 42, ó jẹ́ wákàtí 1,050 lọ́dún.

Ẹ wá pín 42,000 sí 1,050. Ó jẹ́ 40. Iye tí wákàtí yín kọ̀ọ̀kan nídìí gíláàsì gbọ́dọ̀ pa nìyẹn kí ọdún tó lè yípo láìjẹ gbèsè.

Ẹ wo bí èèyàn ṣe máa ń ṣe é láìronú: á mú 25,000 tí ilé ń jẹ, á pín in sí ọ̀sẹ̀ 52 lọ́nà wákàtí 40, ìyẹn wákàtí 2,080, á sì rí 12. Ó máa rò pé 15 lówó tó ti dáa. Ẹni tó ń gba 15 níbi tó yẹ kó ti gba 40 kò lè mọ ohun tó ń ṣe é. Ọwọ́ rẹ̀ á kún fún iṣẹ́, àwọn oníbàárà á fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, owó ilé á sì máa pẹ́ kó tó san án.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ fi aago wọn ọwọ́ ara yín

Nísinsìnyí, ó yẹ kẹ́ ẹ mọ bí fèrèsé kan ṣe ń pẹ́ tó lọ́wọ́ yín. Tiyín o, kì í ṣe ti ẹni tẹ́ ẹ rí nínú fídíò tó ń jó lórí gíláàsì.

Bó ṣe ń lọ lọ́dọ̀ tèmi nìyí. Mo máa kọ́kọ́ fi aṣọ gbígbẹ gbá eruku àti okùn aláǹtakùn kúrò lára férémù, torí bí omi bá kàn án, ẹrẹ̀ ló ń dà. Màá ki aṣọ onírun bọ omi ọṣẹ, màá fi pa gíláàsì láti òkè dé ìsàlẹ̀, màá sì tún igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pa, níbi tí ìdọ̀tí máa ń sá pa mọ́ sí. Lẹ́yìn ìyẹn, màá fi etí rọ́bà fa ìlà gbígbẹ kan sí ẹ̀gbẹ́ òkè kí omi má bàa máa kán sílẹ̀ lẹ́yìn tí mo bá ti fà á tán. Màá wá fà á, màá nu ẹnu rọ́bà, màá tún fà á. Àsẹ̀yìnwá, aṣọ lórí ìka, màá fi tọ etí gíláàsì yí ká, màá sì nu ojú fèrèsé nísàlẹ̀, níbi tí omi dídọ̀tí ti rọ jọ. Bí mo bá gbàgbé ibi ìkẹyìn yìí, ibẹ̀ ni oníbàárà á kọ́kọ́ wò.

Ẹ wọn gbogbo ìyẹn pọ̀, kì í ṣe ìgbà tẹ́ ẹ̀ ń fa rọ́bà nìkan. Ẹ wọn fèrèsé mẹ́wàá nínú irú kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ sì mú ìdọ́gba rẹ̀. Ẹ má sì wọn gbogbo rẹ̀ láàárọ̀ tí ara ṣì le. Ẹ wọn díẹ̀ nígbà tí oòrùn bá ti wà lórí, tí apá ti ń ro yín, torí àwọn fèrèsé ọ̀sán náà wà lára iṣẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ká sọ pé, tinú tòde, fèrèsé kékeré gba ìṣẹ́jú 3, alábọ́ọ́dé 5, ńlá 8, ilẹ̀kùn gíláàsì tó ń yọ̀ lórí irin gba 10. Èyí táwọn èèyàn ń pè ní lúfà, tí gíláàsì rẹ̀ jẹ́ pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ lórí ara wọn, ẹ wọn ọ́n lọ́tọ̀ pátápátá. Bó bá ní gíláàsì 8, ojú 16 lẹ máa nù, rọ́bà kò sì wúlò níbẹ̀, ọwọ́ àti aṣọ ni. Ẹni tó bá dá iye kan náà lé lúfà àti gíláàsì gbọọrọ, oníbàárà tó ní lúfà ló ń rẹ́ ẹ jẹ láìmọ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ sọ ìṣẹ́jú di owó

Bí wákàtí kan bá jẹ́ 40, ìṣẹ́jú 3 jẹ́ 2. Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan: fèrèsé alábọ́ọ́dé 10, ìṣẹ́jú 50. Fèrèsé ńlá 4, ìṣẹ́jú 32. Ilẹ̀kùn gíláàsì 2, ìṣẹ́jú 20. Ó jẹ́ 102. Ẹ fi ìṣẹ́jú 18 kún un fún títú ẹrù, pípọn omi, sísún àga àti kọ́tìnì, àti kíkó ẹrù padà. Ìṣẹ́jú 120 ni, wákàtí méjì. Iye rẹ̀ jẹ́ 80.

Ẹ kíyè sí i pé mi ò fi owó ọkọ̀ kún un. A ti kà á mọ́ ohun tí iṣẹ́ ń jẹ, a sì ti yọ àkókò ìrìn kúrò nínú wákàtí tó ń pawó. Bẹ́ ẹ bá tún gbà á lọ́wọ́ oníbàárà, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ gbà á yẹn, kò sì tọ́. Àfi bí ilé náà bá jìnnà kọjá ibi tẹ́ ẹ sábà máa ń dé, nígbà náà ẹ sọ ọ́ fún un ní gbangba pé ọ̀nà ló fà á.

Ẹ tún ní iye tó kéré jù tẹ́ ẹ lè torí rẹ̀ jáde nílé. Fèrèsé kan ṣoṣo lè jẹ́ ìṣẹ́jú 5, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa gbé àkàbà lọ síbì kan nítorí 3. Tèmi kì í dín sí owó wákàtí kan. Bí ẹnì kan bá pè mí fún fèrèsé méjì, mo máa ń sọ fún un pé: "40 ni mo máa ń gbà kéré jù, ó sì máa kárí fèrèsé alábọ́ọ́dé bíi mẹ́jọ. Ẹ wò ó bóyá àwọn míì wà tẹ́ ẹ fẹ́ kí n kàn mọ́ ọn." Mẹ́jọ, torí pé títú ẹrù àti kíkó o ti gba lára wákàtí náà. Ọ̀pọ̀ ìgbà, wọ́n máa ń rí mẹ́fà míì.

Ṣọ́ọ̀bù yàtọ̀ díẹ̀. Gíláàsì iwájú ṣọ́ọ̀bù lè má ju ìṣẹ́jú 10 lọ, wọ́n sì ń fẹ́ ẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹyọ kan kò pé. Àmọ́ bí ṣọ́ọ̀bù 8 bá wà lórí ìlà kan náà, ìṣẹ́jú 80 ni, ẹ fi 10 kún un fún ẹrù títú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó di wákàtí kan ààbọ̀, ìyẹn 60. 7.5 péré ló kan ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ èyí fún ẹni tó kọ́kọ́ gbà yín: bí aládùúgbò rẹ̀ bá dara pọ̀, tiẹ̀ náà á wálẹ̀. Òun gan-an lá bá yín wá oníbàárà kejì.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ mọ ohun tó ń sọ iṣẹ́ di iṣẹ́ míì

Ìgbà àkọ́kọ́ nílé kan kì í jọ ìgbà kejì. Ìdọ̀tí ọdún méjì ò ní bọ́ nínú ìṣẹ́jú 5. Ní ilé tá a fi ṣàpẹẹrẹ yẹn, mo máa ń retí wákàtí 3 nígbà àkọ́kọ́, torí náà 120 ni màá pè é, 80 sì ni láti ìgbà kejì lọ. Ẹ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún oníbàárà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ tán ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù jù. Kíún-kíún ọ̀dà, sìmẹ́ǹtì, gọ́ọ̀mù bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Wọ́n á ní, "Ẹ kàn fi abẹ fá a." Mo fá a lẹ́ẹ̀kan. Gíláàsì tí wọ́n ti fi iná gbóná gan-an, tí wọ́n wá yára fẹ́ atẹ́gùn tútù sí kó lè le, ni gíláàsì ọ̀hún. Lára irú gíláàsì bẹ́ẹ̀, èérún gíláàsì tín-tìn-tín máa ń wà tó ti lẹ̀ mọ́ ọn látinú iná, abẹ á fà á tuuru, ìlà á sì wà níbẹ̀ títí láé. Mi ò rí i títí tí oòrùn fi yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì, tí ìlà bẹ́ẹ̀ mélòó kan ń kọ mànà lójú mi. Owó gíláàsì yẹn ju iye tí mo pè fún gbogbo ilé náà lọ. Láti ìgbà yẹn, mo máa ń wá òǹtẹ̀ kékeré tó máa ń wà ní igun irú gíláàsì bẹ́ẹ̀. Bí mo bá rí i, mi ò ní fi abẹ kàn án láìjẹ́ pé ẹni tó nilé fọwọ́ sí ìwé pé òun mọ ewu tó wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ilé tuntun, owó wákàtí ni mo ń gbà níbẹ̀, mi ò ń kà á ní fèrèsé-fèrèsé mọ́. Mo sì máa ń gba ìdajì sílẹ̀.

Àbàwọ́n omi náà wà. Funfun-funfun tó máa ń wà lára gíláàsì ibi tí ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi sí koríko ti ń ta sí i, èròjà inú omi tó gbẹ síbẹ̀ ni. Ọṣẹ kò lè mú un. Bó bá ṣì jẹ́ tuntun, nǹkan kíkan lè yọ ọ́. Bó bá ti jẹ wọ inú gíláàsì, àfi kí wọ́n dán gíláàsì náà, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹ dán an wò ní igun kékeré kan kẹ́ ẹ tó pe iye, kẹ́ ẹ má sì ṣèlérí.

Ní ti òkè, àwọn kan máa ń gbé owó gọbọi lé gbogbo pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Lójú tèmi, bí mo bá lè dúró sílẹ̀ kí n fi ọ̀pá gígùn nù ún, iye ti ìsàlẹ̀ náà ni. Bó bá jẹ́ àkàbà, mo máa ń fi ìdajì lé iye fèrèsé náà, torí gígùn, sísọ̀ àti sísún àkàbà ń gba àkókò, ewu sì wà níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá gun mítà 4 sókè, ẹsẹ̀ àkàbà gbọ́dọ̀ fi mítà 1 jìnnà sí ògiri. Bí kò bá sí àyè tí àkàbà lè gbà dúró bẹ́ẹ̀, kò sí iye tó tọ́ fún fèrèsé yẹn. Ẹ sọ pé ẹ ò ní ṣe é.

Ẹni tó ń lo ọ̀pá tí omi ń gba inú rẹ̀ jáde, ẹ rántí owó omi. Omi tí wọ́n ti yọ gbogbo èròjà kúrò nínú rẹ̀, tí ẹ̀rọ tó ń wọn èròjà inú omi bá ka 0, máa ń gbẹ láìfi àbàwọ́n sílẹ̀, kò sì nílò rọ́bà tàbí aṣọ. Àmọ́ bí omi ẹ̀rọ ibi tẹ́ ẹ wà bá ṣe le tó ni ohun tó ń sẹ́ ẹ á ṣe tètè bà jẹ́ tó. Ọ̀nà kejì inú ìwé yín ni owó yẹn ń lọ.

Nẹ́ẹ̀tì àti ojú irin tí fèrèsé ń gbà yọ̀: ẹ dá iye tiwọn lé wọn lọ́tọ̀. Ẹni tó bá fi wọ́n ṣe èènì lẹ́ẹ̀kan, títí ayé ni wọ́n á máa retí rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ má dínwó fún ìlérí

Oníbàárà tó ń pè yín lóṣooṣù yẹ kó san dín sí ẹni tó ń pè yín lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Kì í ṣe ojú rere, ìdọ̀tí rẹ̀ ló kéré. Ilé wa yẹn, bó bá jẹ́ oṣooṣù, wákàtí 2 ni, 80. Bó bá jẹ́ oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, ó lè gba wákàtí 2 ààbọ̀, 100. Ẹ jẹ́ kó rí iye méjèèjì kó sì yan èyí tó wù ú.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó máa ní, "Ẹ ṣe é ní 80 lákọ̀ọ́kọ́ yìí, oṣooṣù lẹ óò máa wá." Ẹ óò nu ìdọ̀tí ọdún méjì ní 80, kò sì ní gbé fóònù yín mọ́. Ìgbà àkọ́kọ́, 120. Láti ìkejì lọ, 80. Ẹni tó bá fẹ́ kẹ́ ẹ máa wá lóòótọ́ kò ní bínú.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ yí ilé po, kẹ́ ẹ wá sọ iye, kẹ́ ẹ sì dákẹ́

Ẹ má pe iye lórí fóònù fún ilé tẹ́ ẹ ò tíì rí. Ẹ lè béèrè fún fọ́tò, àmọ́ ẹ sọ pé ojú lẹ fẹ́ fi rí i kẹ́ ẹ tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Bẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ yí i po pẹ̀lú ìwé, ẹ ka fèrèsé, ẹ fọwọ́ kan gíláàsì, kẹ́ ẹ wo bóyá èyí tó ti sán wà níbẹ̀ kí wọ́n má bàa ní ẹ̀yin lẹ fọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kan, mo wà nílé ìyá àgbà kan tí fèrèsé rẹ̀ ò dọ̀tí púpọ̀.

"Ẹ kú àárọ̀ mà. Mo ti yí ilé yín po. Fèrèsé 14 ló wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn gíláàsì 2. Tinú tòde, pẹ̀lú ojú fèrèsé, 80 ni mà. Nẹ́ẹ̀tì ò sí nínú ẹ̀."

Mo dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ló le jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Ó máa ń ṣe èèyàn bíi kó fi "ṣùgbọ́n a lè bá ara wa sọ ọ́" kún un, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò tíì ní kó dín in.

"Háà, 80! Ẹni tó ṣe é gbẹ̀yìn, 50 ló gbà."

"Mo gbọ́ mà. Tó bá jẹ́ ìta nìkan, mo lè ṣe é ní 45. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tinú tòde, 80 ni."

Ó rò ó díẹ̀, ó ní ká ṣe ìta àti inú pálọ̀. A gbà á sí 58. Mi ò dín owó wákàtí mi, òun náà sì mọ ohun tó rà. Bí owó bá máa wálẹ̀, iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wálẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sọ 80 di 50 láìmú ohunkóhun kúrò, ohun tẹ́ ẹ sọ fún un ni pé irọ́ ni 80, á sì máa wá irọ́ yẹn kiri nínú gbogbo iye tẹ́ ẹ bá tún pè.

Bó bá wù yín láti ran ẹnì kan lọ́wọ́, ẹ ràn án lọ́wọ́. Àmọ́ ẹ sọ iye gangan, kẹ́ ẹ wá sọ pé ẹ mú 20 kúrò nínú ẹ̀ fún un. Ẹ kọ méjèèjì sínú ìwé owó. Nígbà tí agbára yín ò bá gbé e mọ́, á mọ̀ pé àánú lẹ dá dúró, kì í ṣe pé ẹ wọ́nwó lé e. Mọ́tò tó wà níwájú ilé kò sì gbọ́dọ̀ fi ohunkóhun kún iye. Ilé méjì tí fèrèsé wọn dọ́gba, tí ìdọ̀tí wọn dọ́gba, iye kan náà ni. Àwọn oníbàárà máa ń bára wọn sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti fẹnu kò, ẹ fi ọ̀rọ̀ ráńṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀: iye fèrèsé, ohun tó wà nínú rẹ̀, ohun tí kò sí níbẹ̀, iye owó, ọjọ́ tó máa san án. Ìlà márùn-ún péré.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ fi owó kún un nígbà tó yẹ

Nǹkan ń gbówó lórí. Lọ́dọọdún, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kìíní, kẹ́ ẹ tún un ṣírò. Bí 40 bá ti di 44, ẹ kọ̀wé sí àwọn oníbàárà ní oṣù kan ṣáájú: "Láti oṣù tó ń bọ̀, iye iṣẹ́ ilé yín máa kúrò ní 80, á di 88. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ̀ ń gbé iṣẹ́ yín fún mi." Ó tán. Ẹ má kọ ojú ewé méjì ẹ̀bẹ̀, ẹ ò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀rù máa ń ba èèyàn pé wọ́n á lọ. Àwọn kan á lọ. Ká sọ pé ilé 30 lẹ ní, 80 lọ́kọ̀ọ̀kan, 2,400 ni. Bẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di 88 tí méjì sì lọ, ilé 28 lọ́nà 88 jẹ́ 2,464. Owó lé díẹ̀, wákàtí 4 sì ti ṣófo tẹ́ ẹ lè fi wá ilé tuntun. Bí ẹnikẹ́ni ò bá ráhùn rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ ti pẹ́ kẹ́ ẹ tó fi kún un.

Iye àwọn yòókù tó ń ṣe iṣẹ́ yìí wúlò fún nǹkan kan: bí iye yín bá ga ju tiwọn lọ fíìfíì, ẹ yẹ aago yín wò. Bóyá ẹ ń lọ́ra, bóyá ìrìn yín pọ̀ jù láàárín ilé kan sí òmíràn. Bó bá kéré sí tiwọn gan-an, ẹ yẹ ìwé yín wò, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti gbàgbé nǹkan kan.

Ìwé pélébé kan wà nínú àpò ẹ̀wù iṣẹ́ mi. Mo pín ojú rẹ̀ sí mẹ́ta: ilé, ìṣẹ́jú tí mo pè é, ìṣẹ́jú tó gbà. Mo máa ń kọ ọ́ kí n tó wọlé sínú ọkọ̀, torí bí mo bá délé, mo ti gbàgbé. Ní òpin oṣù mẹ́ta, màá fi gègé pupa yí àwọn tó kọjá ohun tí mo pè ká. Oṣù tó kọjá, mẹ́rin ni. Nínú mẹ́ta, èmi ni mo ka fèrèsé kù. Ní ẹ̀kẹrin, oníbàárà ti ra ajá ńlá méjì tó máa ń fi imú pa gbogbo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn gíláàsì lójoojúmọ́. Ìṣẹ́jú 12 ni imú ajá yẹn ń fi kún un, ìyẹn 8, mo sì ti bá a sọ ọ́.